Kí Lo Rí?

Àwọn ẹgbẹ́ mi tó kọ́ ọkọ̀ n'Íbàdàn, ìdí síteérìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tèmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ni Bàbá. Apá òsì títì ló ti kọ́ṣẹ́, kí ìjọba tó kó gbogbo ọkọ̀ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ó ní kò pẹ́ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òun fi gbà. Ojú ló ṣagídí.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi mí jókòó sí, láti Mọ̀kọ́lá dé Ojóò. "Kí lo rí?"

"Mo rí dánfó, Bàbá."

"Ṣé dánfó ni mo bi ọ́? Ta ló fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ níbẹ̀?"

Bí bọ́ọ̀lù bá yí wọ títì, ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá hàn lábẹ́ ọkọ̀ tó dúró, ẹnì kan fẹ́ sọdá. Kílọ́ọ̀ṣì àti jíà kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Òkè Mápó ni mo ti mọ bí a ṣe ń gbéra láìfi ẹ̀yìn rìn.

Àlàfo ló le jù. Bí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá òpó iná kan, kí n máa kà: ọ̀kànlénígba, èjìlénígba. Bí mo bá dé òpó náà kí n tó kà á tán, mo ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo wá ṣírò rẹ̀ fúnra mi, ó yé mi: ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí ń jẹ tó mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹsẹ̀ tó kan búréèkì rárá. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ibi tí búréèkì yóò gbà kó tó dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí Wọlé Ṣóyínká kọ́kọ́ ṣe alága rẹ̀ lọ́dún 1988, ti sapá. Àmọ́ ọ̀dọ́ tó kọ́ ọkọ̀ lọ́sàn-án, lórí títì gbígbẹ, òun nìkan ni yóò kọ́kọ́ pàdé iná tírélà lóru ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kí wákàtí òru àti ti òjò wọ inú ẹ̀kọ́, pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí láísẹ́ǹsì tó tẹ ọmọ ọdún 18 lọ́wọ́. Àwọn iléèwé ọkọ̀ á ní epo wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Òbí tó rówó ra ọkọ̀ fọ́mọ kò ní ṣàì rówó epo wákàtí mélòó kan sí i.