Odò Èṣí Kọ́ Ni Odò Ọdún Yìí

Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ti sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè dákẹ́ lé lórí ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa, pàápàá fún ẹ̀yin tí oko yín tàbí ilé àdúrà yín wà ní òdìkejì odò. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọkọ̀ ojú omi, àti ti ìgbàgbọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó bá rí Odò Òfìkì nínú ẹ̀ẹ̀rùn lè fojú tín-ín-rín rẹ̀. Iyanrìn a yọ, àpáta a hàn sí gbangba. Ṣùgbọ́n láti Òkè-Ògùn ni omi rẹ̀ ti ń bọ̀. Òjò lè máà kán sílẹ̀ ní Ìgbò-Ọrà kí odò ó sì kún, nítorí ibi tí òjò ti rọ̀ jìnnà sí wa. Bí omi ńlá bá kọjá, a kó iyanrìn níhìn-ín dà sọ́hùn-ún. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà ní èṣí lè ti di òkìtì. Ibi tí a ti ń fẹsẹ̀ rìn já lè ti di kòtò. Igi tí àgbàrá hú lókè lè wá há sábẹ́ omi, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, àfi ẹni tí ó mọ bí omi ṣe ń ká kò níwájú ohun tí ó fara pamọ́.

Ní ọ̀rúndún 19, igbá ńlá ni a fi ń gbé èrò kọjá àwọn odò kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Èrò a di igbá mú, òmùwẹ̀ a sì máa tì í lọ. Kì í ṣe igbá nìkan ni ó ń gbé wọn dé èbúté. Ẹni tí ó mọ odò ni.

Ní ọdún kan, ìyá àgbà kan tí àìsàn dá gúnlẹ̀ ránṣẹ́ pè wá láti òdìkejì pé kí a wá gbàdúrà fún òun. Àwa mẹ́sàn-án ni a múra, ìyá ọlọ́mọ méjì sì wà nínú wa. Baba atukọ̀ wo omi, ó wo ojú ọ̀run, ó ní òun kò ní wà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Arákùnrin kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀mí ìdènà wí. A dá a lẹ́kun, a sì bi baba ní ohun tí ó rí. Ó nawọ́ sí odò: “Pásítọ̀, ẹ wo ìtì igi tí ń bọ̀ yẹn. Ẹ wo bí àwọ̀ omi ti yí padà. Omi òkè ni èyí, kò tíì kún tán.” A padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti bo ibi tí ọkọ̀ ti máa ń gúnlẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni a tó kọjá, ìyá náà sì ti sùn nínú Olúwa.

Ó dùn wá púpọ̀. Arákùnrin wa bi wá bóyá kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni ó dá wa dúró. A dá a lóhùn pé àdúrà wa kò nílò ọkọ̀ kí ó tó la odò kọjá, àti pé Ọlọ́run kò fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìdánwò ìgbàgbọ́ wa.

Ẹ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Pọ́ọ̀lù ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni ó ní kí wọ́n má tíì lọ. Balógun ọ̀rún ni ó gbọ́ ti ọlọ́kọ̀. Ènìyàn 276 ni ìjì náà bá. Ọlọ́run ti ṣèlérí ẹ̀mí wọn, síbẹ̀ àwọn atukọ̀ ń wọn jíjìn omi lóru, wọ́n sì ju ìdákọ̀ró sílẹ̀. Ìlérí kò sọ òye di aláìwúlò. Àwa ará Ìbàràpá mọ èyí. Nígbà tí sòbìà ń dá àwọn ènìyàn wa lóró ní Ìdèrè, a gbàdúrà, a sì fi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí atukọ̀ bá ní ó tó, kí a má ṣe fi owó tàbí orúkọ Jésù fipá mú un. Kí ọkọ̀ má ṣe kún ju agbára rẹ̀ lọ, kí a jókòó sísàlẹ̀, kí a má sì kọjá lóru. Kí a ní ohun tí a ó fi gbọ́n omi, kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó, ọmọdé ṣáájú. Kí atukọ̀ fi ọ̀pá wọn ọ̀nà rẹ̀ lọ́tun lẹ́yìn ìkún omi kọ̀ọ̀kan. Àwọn baba wa ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Kí Olúwa fún wa ní ìgbàgbọ́ tí ó lè kọjá, àti sùúrù tí ó lè dúró. Kí odò má ṣe gbé ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.