Má Tíì Ra RAM Yẹn, Dàmọ́lá

Bódìjà, Ìbàdàn.

Dàmọ́lá, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni òtútù Manchester? Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun kánú.

Ọ̀rọ̀ RAM tí a sọ lórí fóònù ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí. O ní DDR5-6000 ni méjèèjì tí o rí, pé ọ̀kan jẹ́ CL30, èkejì CL40, àti pé CL40 lo fẹ́ mú torí ó dínwó díẹ̀. Jọ̀ọ́, má tíì sanwó.

6000 yẹn ń sọ bí dátà ṣe ń tú jáde tó bó bá ti bẹ̀rẹ̀. CL ń sọ iye ìgbà tí aago inú RAM máa lù kí ìdáhùn tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìyá alámàlà lè mọ oúnjẹ bù kíákíá, kó sì pẹ́ kó tó dá ọ lóhùn. Sọ CL di ìlọ́po 2000, kí o wá fi 6000 pín in: CL30 á fún ọ ní nanosecond 10, CL40 á lé ní 13. DDR4-3200 CL16 ayé àtijọ́ ńkọ́? Fi 3200 pín tiẹ̀, 10 náà ni! Ẹrù tí DDR5 ń kó pọ̀ ju tiẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń tètè dáhùn ni.

Géèmù sì nílò ìdáhùn kíákíá gan-an. Nǹkan kéékèèké tó fọ́n káàkiri ni processor ń wá: ibi tí ọ̀tá sápamọ́ sí, ọta tó ń bọ̀, ilẹ̀kùn tó ṣí. Èyí tí kò bá bá nínú cache, ìyẹn ibi ìpamọ́ kékeré inú processor fúnra rẹ̀, àfi kó dúró de RAM. Ibẹ̀ ni géèmù ti ń háńgì fẹ́ẹ́rẹ́, bí fíréèmù tilẹ̀ pọ̀ lójú. Ìdí nìyí tí AMD fi kó cache L3 96 MB sínú Ryzen 7 5800X3D lọ́dún 2022. Ká ní irú ẹ̀ lo ní ni, CL40 ì bá má fi bẹ́ẹ̀ dí ọ lọ́wọ́. Ryzen 5 7600 tìrẹ, 32 MB ló ní. Bákan náà, ká ní 4K lo fi ń gbá géèmù, graphics card ni ì bá kọ́kọ́ rẹ̀, o ò ní rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n Counter-Strike 2 lo ń gbá lórí 1080p! Mú CL30.

Ẹyọ méjì tó jẹ́ 16 GB ni kí o rà, má ra ẹyọ kan tó jẹ́ 32 GB, torí ọ̀nà méjì ni dátà yóò máa gbà. Kì wọ́n sí ojú ihò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ processor. Lẹ́yìn náà, wọ inú BIOS kí o tan EXPO, ètò tó ń jẹ́ kí RAM rìn ní iyára tí wọ́n kọ sí i lára. Bí o ò bá tàn án, RAM tí o fowó gidi rà lè máa rìn ní 4800 títí ayé, ó sì ń dùn mí tí mo bá rí i lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn.

Bí o bá kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà náà, ojú rẹ̀ lè ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. RAM ló ń dán wò, má pa á o. Fi fọ́tò ránṣẹ́ tí o bá tò ó tán, kí o sì pe Màmá lọ́jọ́ Sunday.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Káyọ̀dé