Bí Ẹbí London Bá Fẹ́ Wá Kí Wa ní Dublin

Ọlidé àwọn ọmọ ti ń sún mọ́lé, àwọn ẹbí yóò sì tún máa bi wá pé, "Ṣé ká wá kí yín?" Kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ níbí ní Ballymun, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham ni gbogbo wa fẹ́ kó wá sọ ọmọ lórúkọ. Òun ni àgbà wa látìgbà tí ìyá wa ti lọ. Ó bi mí lórí fóònù pé, "Ṣé n ò ní gba físà báyìí?" Èmi akáńtáǹtì, mo dáhùn kíákíá: "Rárá o, Àǹtí mi. Ẹ ti ní ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú ń rìn."

Nígbà tó dé pápákọ̀ ní London, wọ́n ní kó mú físà Ireland wá. Kò ní in. Wọn ò jẹ́ kó wọkọ̀. Orí fóònù ló ti sọ ọmọ lórúkọ. Oyin àti iyọ̀ wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ó ní, "Ìwọ tó o máa ń ṣírò owó olówó, èyí ni o ò ṣírò?" N ò rí èsì fọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì náà wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí.

Ohun tó wà ńbẹ̀ nìyí. Ireland àti Britain ní àdéhùn tó jẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú méjèèjì máa lọ máa bọ̀. Kò kan ẹni tó di páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́, ì báà ti gbé London fún ogún ọdún. Físà Ireland ni kó gbà. Físà Schengen tí wọ́n fi ń lọ sí Faransé àti Jámánì ò ṣiṣẹ́ níbí náà, torí Ireland ò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Àwa tá a wà níbí ńkọ́? Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Belfast wà. Ẹ ò ní rí géètì kankan lójú ọ̀nà, àmọ́ wọ́n lè dá bọ́ọ̀sì dúró láti yẹ ìwé wò. Ọmọ tó ní páásípọ́ọ̀tù Irish lè lọ. Ti bàbá àti ìyá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Tí físà bá ti wà, ìyókù rọrùn. Owó euro là ń ná, kì í ṣe pọ́n-ùn. Kóòtù pọn dandan, àní nínú oṣù keje. Ẹ ra Leap Card fún àlejò: euro 2 ni àgbàlagbà ń san, ó sì lè fi wọ bọ́ọ̀sì àti Luas fún ìṣẹ́jú 90. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ò gba owó bébà, kì í sì í fún èèyàn ní ṣéńjì. Ballymun ò jìnnà sí pápákọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀sì ló ń gbabẹ̀; kí wọ́n bi awakọ̀ kí wọ́n tó gùn ún.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mú wọn dé GPO ní O'Connell Street, níbi tí wọ́n ti kéde òmìnira Ireland ní 1916. Ẹ sọ fún wọn pé orúkọ àwọn méje tó fọwọ́ sí ìkéde náà ni wọ́n fi sọ ilé gogoro méje tó wà ní Ballymun tẹ́lẹ̀. Ọdún 2015 ni wọ́n wó èyí tó kẹ́yìn. Látibẹ̀, ẹ yà sí Moore Street. Àwọn àǹtí yóò fẹ́ mọ iye tá a ń ra iṣu! Ọ̀fẹ́ ni mùsíọ́ọ̀mù Kildare Street, ọ̀fẹ́ náà sì ni ọgbà òdòdó Glasnevin tó wà nítòsí wa.

Ẹ̀gbọ́n mi gba físà, ó sì dé lọ́dún kejì. Ọmọ ti ń rìn nígbà náà. Ó pe orúkọ tó fún un ní pápákọ̀. Ọmọ náà sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.