Kérésìmesì Lórí Omi Kùtọnù, Ẹ̀kọ́ fún Ìwó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èbúté Kùtọnù, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Mo ti fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ nígbà náà, mo sì yọ̀ǹda ara mi fún oṣù mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú omi Africa Mercy, níbi tí mo ti ń kọ ìtàn àwọn aláìsàn sílẹ̀.

Ilé ìwòsàn lórí omi ni ọkọ̀ náà. Denmark ni wọ́n ti kàn án ní 1980, kí ó lè máa gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá omi. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Mercy Ships gbà á, wọ́n tún un ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní 2007. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ fún àwọn tí kókó yọ lójú tàbí lọ́rùn, àwọn tí ètè wọn là láti inú oyún, àti àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wọ́. Nǹkan bí irinwó ènìyàn láti bí ogójì orílẹ̀-èdè ló ń yọ̀ǹda ara wọn. Láti orí ọ̀gá atukọ̀ títí dé ẹni tó ń fọ abọ́, àpò ara wọn ni wọ́n ti ń san owó oúnjẹ àti ibùsùn.

Báwo wá ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe ọdún kan ṣoṣo? Kò sí ẹni tó ní kí gbogbo wa ṣe é bákan náà. Ilé ni kálukú ti kó ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà, àwọn ará Netherlands ṣe Sinterklaas tiwọn, wọ́n sì fún àwọn ọmọdé inú ọkọ̀ lẹ́bùn. Ní ìdájí ọjọ́ 13, àwọn ará Sweden wọ aṣọ funfun ní ìrántí Lucia Mímọ́, wọ́n ń kọrin. Iná bátìrì ni wọ́n lò dípò àbẹ́là. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, kálukú gbé bàtà sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè fi ẹ̀bùn kékeré sínú rẹ̀. Èmi náà dín ṣinṣín, mo dì í sínú ọ̀rá, mo sì pín in sínú bàtà àwọn tí yàrá wọn súnmọ́ tèmi.

Àwọn aláìsàn tí ọgbẹ́ wọn kò tíì jinná kò lè lọ sílé. Ìyá kan láti Kétu wà lára wọn. Mùsùlùmí ni, Yorùbá sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú ọdún, ìyá,” mo sì yára fi kún un pé mo mọ̀ pé kì í ṣe ọdún tiwọn. Ó rẹ́rìn-ín. “Àwọn tó ń wẹ ọgbẹ́ mi ló ń ṣọdún, ọmọ mi. Báwo ni n kò ṣe ní bá wọn yọ̀?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára nítorí Ìwó, ìlú mi. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Láìpẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni kan wọ aṣọ akọrin lọ sí kíláàsì ní Baptist High School, ní Ìwó. Aṣọ ìsìn náà ni àwọn ará Sweden wọ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi dá àwa yòókù lára yá ni. Ní ìlú tiwa, a sọ ọ́ di èsì tí a ń fún ara wa.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Oṣù díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda ń lò kí wọ́n tó padà sílé. Àwa jọ wà títí ayé ni. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ kọ́, tí ìjọba gbà, kì í ṣe ohun tí ṣinṣín lè parí.

Ṣùgbọ́n a ní àṣà kan tí kì í dúró de adájọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹran Iléyá a máa wọ ilé wa láti ilé àwọn aládùúgbò wa. Bí ó bá di Kérésìmesì, àwa ọmọ Kristẹni ló ń gbé abọ́ ìrẹsì lọ fún wọn. Lónìí, mo ń gbọ́ tí oníwàásù ẹ̀sìn méjèèjì ń kìlọ̀ pé kí ọmọlẹ́yìn wọn má jẹ oúnjẹ ọdún ẹlòmíràn. Èyí ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ aṣọ lọ. Bí abọ́ oúnjẹ kò bá rìn láti ojúlé dé ojúlé mọ́, kí ni yóò rán wa létí pé a mọ ara wa nígbà tí aáwọ̀ bá tún dé?

Ẹ̀yin ará Ìwó, nílé àti lẹ́yìn odi, ọdún tún ń bọ̀. Ẹ̀yin Kristẹni, ẹ bu ìrẹsì ránṣẹ́ sí ojúlé kejì. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á, kí ẹ sì máa retí wa nígbà Iléyá. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún.