Ojú Ẹ̀rọ, Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Fídíò ẹ̀kọ́ lórí technetium-99m, oògùn onítànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara, ṣeé dá dúró, ó ṣeé wò lóru, ó ṣeé tún wò lọ́dún tó ń bọ̀. Technetium-99m fúnra rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: láàárín wákàtí 6, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Fluorine-18 tí wọ́n fi ń ya àwòrán PET tún yára jù bẹ́ẹ̀; ìṣẹ́jú 110 ni tirẹ̀.

IAEA, àjọ àgbáyé lórí agbára núkílíà tó wà ní Vienna, ní ètò tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìṣègùn núkílíà láti òkèèrè. Ìwé títẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun kan ò yí padà: ilé ìwòsàn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń fọwọ́ kọ́ iṣẹ́, lójú alábòójútó.

Òfin ààbò mẹ́ta lórí ìtànṣán rọrùn láti kọ sílẹ̀ nínú ìdánwò: kéèyàn má pẹ́ nídìí oògùn, kó jìnnà sí i, kó fi nǹkan dí i. Ṣùgbọ́n ìbòrí tungsten tí wọ́n fi ń dí abẹ́rẹ́ wúwo, ó sì ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ tó bá lọ́ra ni ìka rẹ̀ ń gba ìtànṣán jù. Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fi omi lásán dánra wò.

Àwòrán egungun tí wọ́n kó sórí ẹ̀rọ fún ẹ̀kọ́ mọ́ tónítóní. Àwọn aláìsàn inú rẹ̀ ti tọ̀ kí wọ́n tó dùbúlẹ̀. Nínú yàrá àyẹ̀wò, bàbá kan ní òun ò fẹ́ tọ̀. Àpò ìtọ̀ tó kún bo egungun ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀kán ìtọ̀ kan tí oògùn wà nínú rẹ̀ lára ṣòkòtò sì ń tàn bí jẹjẹrẹ tó ti wọ egungun. Kí wọ́n bọ́ ṣòkòtò, kí wọ́n nu ara, kí wọ́n tún un yà: bí àmì náà bá pòórá, ìtọ̀ ni.

Ẹ̀ka ìṣègùn núkílíà ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2006. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n lè má wọ irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, akẹ́kọ̀ọ́ lè rí mẹ́wàá irú rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Kí wọ́n tó fún obìnrin ní oògùn, wọ́n gbọ́dọ̀ bi í bóyá ó lóyún. Lójú ẹ̀rọ, àpótí kékeré kan ni wọ́n máa ń fàmì sí. Nínú yàrá, ọmọbìnrin kan tí kò tíì wọlé ọkọ ni, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró níta díẹ̀.” Ohùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ wà lára ẹ̀kọ́.

Ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé molybdenum-99, tí technetium ń ti ara rẹ̀ jáde, wá sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Láàárín wákàtí 66, ìdajì òun náà ti lọ. Lọ́dún 2020 tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú dúró, kíláàsì orí Zoom pọ̀ yanturu. Láwọn ilé ìwòsàn kan, oògùn tí kíláàsì ń sọ ò dé.

Fídíò ti pọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Alábòójútó tí yóò dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀ tí oògùn bá dé, tí kò ní já abẹ́rẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ni kò tó. Orí rẹ̀ ló yẹ kí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ lọ.