Woléwolé, Panápaná àti Agbowó Iná

Ọ̀rọ̀ àpètúnpè nínú gírámà Yorùbá ni mo tún gbé dé lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti rí i. Ẹnu ọ̀nà ilé tí mo ń gbé ní Pápá Àjàó, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Mushin, ni ó ti wá bá mi. Ọ̀rọ̀ iná ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo gírámà rẹ̀. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ẹni tí ó fi nǹkan kan ṣe iṣẹ́ ní orúkọ, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ó ń gbà ni pé kí ó mú ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀, kí ó sì pe méjèèjì ní àpètúnpè. Ẹni tí ó ń ja ogun di jagunjagun. Ẹni tí ó ń pa ẹja di pẹjapẹja. Ẹni tí ó ń kó ilé di kólékólé. Bẹ́ẹ̀ náà ni "pa iná" ṣe di panápaná, tí "wo ilé" sì di woléwolé. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú irú orúkọ báyìí ni pé kì í fi iṣẹ́ pamọ́. Bí ẹnì kan bá ń jẹ́ pẹjapẹja tí a kò rí ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ rí, orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò pè é lẹ́jọ́.

Panápaná ti pẹ́ ní Èkó. Abẹ́ àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1901, inú wọn sì ni ilé iṣẹ́ panápaná ti ìjọba àpapọ̀ ti jáde. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1972. Iṣẹ́ wọn kò ṣòro láti mọ̀: iná ṣẹ́, wọ́n sáré wá, wọ́n pa á.

Woléwolé ní tirẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí ó ń ti ara eku wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní Èkó ní ọdún 1924, ọ̀rọ̀ ilé tí ó há, tí ó sì dọ̀tí di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní ọdún 1928 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Àwọn àgbà wa kò fẹ́ràn woléwolé rárá. Bí ó bá ti yọ ní ìkóríta, ìyá yóò gbá àgbàlá, ọmọ yóò da omi àná nù. Yóò ṣí ìdérí ìkòkò omi, yóò wá ìdin ẹ̀fọn níbẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn, yóò yí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá rí ìdọ̀tí, sámáńsì ni. Wọ́n bú u, wọ́n sá fún un, àwọn mìíràn sì bọ̀bẹ́ sí i lọ́wọ́. Síbẹ̀, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé woléwolé kò wo ilé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn òṣìṣẹ́ méjì wá sí ilé wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó rán wọn, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ wọn ni mo wá rò. Bàbá onílé wa, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, gba ìwé náà, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Owó kí ni èyí, ọmọ mi?"

"Owó iná ni, bàbá."

"Owó iná kẹ̀? A ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. A máa ń sanwó sínú mítà ká tó tanná ni."

"Rárá o, bàbá. Kì í ṣe iná tí ẹ̀ ń tàn. Iná tó ń jó ilé ni."

"Iná tó ń jó ilé? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ilé ta ló ń jó?"

Àwa tí a dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì bá wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ má fi ẹ̀rín náà ṣe ẹ̀rín lásán. Iná tí ó ń jó, iná tí ó ń tàn láti ara wáyà, àti iná tí ó ń jẹ ènìyàn lórí, bákan náà ni ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìkẹta yìí ni ó wà nínú òwe pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Nígbà tí "owó iná" sì ti di orúkọ owó tí a ń san fún àwọn oníná mànàmáná, kò sí orúkọ tí ó kù lẹ́nu ará ilé fún owó mìíràn yìí. Ohun tí kò ní orúkọ lẹ́nu ẹni, ó ṣòro láti béèrè ohun tí ó wà fún.

Mo wá bi ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà léèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ ò ní wọlé kí ẹ wò ó ná?"

Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Tí bàbá bá ti sanwó, ìwé ẹ̀rí máa jáde, sà. A máa wá wò ó tó bá yá."

Mo fẹ́ tún sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bàbá onílé fà mí lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Tí wọ́n bá fi lè wọlé, iye tí wọ́n máa kọ máa ju èyí lọ."

Bàbá sanwó láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ìwé jáde, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Ẹni tí yóò wá wo ilé kò tíì dé títí di òní. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì ni ilé wa. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gùn, abẹ́ àtẹ̀gùn náà ni jẹnẹrétọ̀ sì wà nígbà náà, pẹ̀lú jálá epo bẹntiróò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ìtajà tí ó kọjú sí títì ń ta ọ́ìlì ọkọ̀ àti táyà, nítorí ọjà Ládípọ̀ kò jìnnà sí wa. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé. Ìyàwó ilé kan ní òkè, tí ó ní ọmọ mẹ́ta, ka ìwé náà tán, ó ní, "Ṣé ìwé yìí ló máa gbé àwọn ọmọ mi sọ̀kalẹ̀?"

Ìbéèrè rẹ̀ ni ó mú mi jókòó kọ èyí.

Ẹ tilẹ̀ wo orúkọ àdúgbò wa. Pápá ni ilẹ̀ gbalasa tí koríko bò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, iná a máa jó pápá, àwọn àgbà sì ní àdàbà kò náání à ń kungbẹ́. Iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Àdàbà ní ìyẹ́, ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ fún un. Pápá ti di ilé báyìí, ilé ti fún mọ́ ilé, àwa tí a wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò sì ní ìyẹ́. Àtẹ̀gùn ni ìyẹ́ wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ilé alámọ̀ àti ilé olókoríko ni iná ń jó. Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí wọ́n kọ́ parí ní 1965, tí ó ní àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbiná ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 1985. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ní ọjọ́ kejì Kérésì ọdún 2012, bángà tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní Jáńkárà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bú gbàù, iná sì ràn mọ́ àwọn ilé tí ó yí i ká. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, iná ṣẹ́ ní Afriland Towers ní Broad Street. Èéfín gba inú ilé náà, àwọn kan gba ojú fèrèsé jáde, ó kéré tán ènìyàn mẹ́wàá ni ó sì kú. Ti Jáńkárà yẹn ni ó máa ń dùn mí jù. Ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn kan péré níbẹ̀ ṣáájú Kérésì ìbá ti rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba ìmọ̀ ńlá. Ojú ni ó gbà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin iná tí wọ́n ṣe ní 2005, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006, fi òpin sí ìwé ẹ̀rí iná tí àwọn panápaná ń fún ilé. Ó gbé ẹrù náà lé ẹni tí ilé wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, pé òun ni kí ó ṣe àyẹ̀wò, kí ó sì máa tún un ṣe. Àwọn panápaná sì lè wá wò ó bóyá ó ṣe é. Èyí náà kò gba gbogbo ènìyàn là. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò Grenfell Tower ní London, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé, síbẹ̀ ara ògiri rẹ̀ ni iná gbà gòkè ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọdún 2017, tí ènìyàn 72 fi kú. Nígbà tí àbájáde ìwádìí jáde ní 2024, adájọ́ tí ó ṣe alága rẹ̀ sọ pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ikú wọ̀nyí tí a kò lè dènà. Ìwé kì í paná. Bí ó bá tilẹ̀ máa ṣe nǹkan kan nínú iná, jíjó ni yóò jó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí a má san owó. Ẹni tí yóò wo ilé yóò jẹun, ọkọ̀ rẹ̀ yóò mu epo, òun náà yóò kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé wíwò ni kí ó ṣáájú, kí owó tẹ̀ lé e. Inú "àyẹ̀wò" ni "wò" wà. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ohun tí ó kù kò ní ìtumọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó gba owó láì kọjá ẹnu géètì kì í ṣe woléwolé, kì í sì í ṣe panápaná. Agbowó ni. Onílé tí ó sì fi owó lé ojú tí ó yẹ kí ó wo ilé rẹ̀ lọ kò ra ààbò kankan. Ó ra àǹfààní láti má ṣe mọ̀ ni. Láàárín àwọn méjèèjì, ọmọ tí ó sùn ní òkè ni yóò san èyí tí ó kù.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, àwa ayálégbé ṣe ìpàdé pẹ̀lú bàbá onílé. A ní bí woléwolé kò bá wá, kí a fi ojú ara wa wo ilé wa. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Wákàtí kan péré ni ó gbà wá. Jẹnẹrétọ̀ ti kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ilé ni ó wà báyìí, jálá epo sì ti jáde. Iwájú ilé ìtajà ni garawa yanrìn méjì wà. Sílíńdà gáàsì tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ti sọ̀kalẹ̀. Bàbá kò bá wa jiyàn lórí ìwọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ irin ojú fèrèsé ni kò tíì tán. Bàbá ní bí a bá yọ ọ́, kólékólé yóò wọlé. Mo ní bí a kò bá yọ ọ́, panápaná kò ní lè gbé wa jáde. Ẹ rí i pé inú àpètúnpè náà ni a ṣì wà: ọ̀kan ni irin náà ń dí lọ́nà, èkejì ni ó ń há mọ́ ìta. Mo dábàá pé kí wọ́n fi ìdè sí irin fèrèsé kan ní àjà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé tó. Bàbá ní òun yóò pe alurinmọ́rin. Mo ń rán an létí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Yorùbá ní ìkíni fún ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ iná: ẹ kú ewu iná. Ó dára pé a ní in, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìdí láti fi kí wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà tí a ń pè bí iná bá ṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri fún àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá sì mú ìwé owó wá sí ilé yín, ẹ fún wọn ní àga, ẹ bu omi fún wọn mu, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ pé, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ wo ilé."

Kí ni wọ́n ń pe irú òṣìṣẹ́ yìí ní àdúgbò tiyín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ o.

Ire o.