Owó Ilé Ẹni tí Ó Dá Gbé

Àwọn àgbà a máa wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ó sì rọrùn láti fi gba ẹlòmíràn ní ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, tí ó sì dúró níwájú onílé, kì í rọrùn fún un láti mọ bí òun ti tóbi tó, àti irú ìtẹ́ tí ó bá òun mu. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Ẹlòmíràn nínú wọn tilẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lójoojúmọ́. Ohun tí ó ń dà á láàmú ni pé kò mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nípa ibi ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ìṣòro yìí kò sí. Ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ń gbé ní agbo ilé baba rẹ̀. Kò san owó ilé, iṣẹ́ oko ni ó fi ń san án. Àlejò tí ó bá wọ ìlú a wá baálé kan tí yóò gbà á sọ́dọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ ni ó sì ń gbé nínú ọgbà ìjọ, tàbí ní ilé ọmọ ìjọ kan tí ó yọ̀ǹda yàrá fún wọn. Ṣùgbọ́n ní 1976 a fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì wọ́ wá láti ìlú gbogbo. Ní 1981 a dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Oǹdó, a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí sílẹ̀ ní 1963 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́, òun náà sì ti di yunifásítì; Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn pẹ̀lú ti wà ní ìlú náà. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí ni àwọn onílé ń kọ́ yàrá sí, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa fi owó baba rẹ̀ san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ tí ó ń retí òpin oṣù ni ó wá ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ du yàrá kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ ìlànà kan láti òkè òkun pé kí ènìyàn má ṣe fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ń wọlé fún un san owó ilé. Ó dára kí a mọ ibi tí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ti wá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará àtijọ́ a máa sọ pé owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni ó yẹ kí ó san owó ilé oṣù kan. Ní 1969 ìjọba wọn ṣe òfin pé kí owó tí a ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbé ilé ìjọba má ṣe ju ₦25 lọ nínú ₦100, bí a bá fi owó tiwa ṣírò rẹ̀. Ní 1981 wọ́n sọ ọ́ di ₦30. Òfin ilé ìjọba ni. Ẹnu àwọn ènìyàn ni ó sọ ọ́ di ìlànà fún gbogbo ayé. Ṣáájú èyí, ní 1868, ará Jámánì kan tí a ń pè ní Hermann Schwabe wádìí ọ̀rọ̀ owó ilé ní ìlú Berlin, ó sì rí i pé bí ènìyàn bá ti ṣe tálákà tó ni ìpín tí owó ilé ń mú nínú owó rẹ̀ ń tóbi tó. Ẹ kíyèsí i pé ohun tí ojú tálákà ń rí ni ọkùnrin yìí sọ. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí.

Ìdí mẹ́ta ni ìlànà àwọn ará òkè òkun kò fi bá wa mu. Èkíní, lọ́dọ̀ wọn, oṣù ni a fi ń san owó ilé bí oṣù ti ń mú owó iṣẹ́ wá. Lọ́dọ̀ wa, owó ọdún kan ni onílé ń gbà kí ó tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn a sì béèrè ọdún méjì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ní láti ṣe òfin ní 2011 pé kí onílé má ṣe gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Owó ajẹ́ńtì àti owó ìwé àdéhùn tún ń bẹ lẹ́yìn èyí. Èkejì, ẹni tí ó dá gbé ní ilẹ̀ wa kò dá wà. Ìyá rẹ̀ ń bẹ ní ilé, àbúrò rẹ̀ ń bẹ ní ilé-ìwé, ìjọ ń retí ọrẹ rẹ̀, ẹbí kì í sì í béèrè bóyá ó ti gbéyàwó kí wọ́n tó bu owó ìsìnkú fún un. Ẹ̀kẹta, ògiri kò mọ̀ pé ẹnì kan ni ó wà nínú yàrá. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lè jọ gbé ẹrù kan. Àpọ́n nìkan ni yóò gbé tirẹ̀.

Nítorí náà, èrò mi ni pé kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí ilé. Kí a kọ́kọ́ ka ohun tí ó gbọdọ̀ ṣẹ́kù, kí a sì fi èyí tí ó bá kù wá ilé. Ẹ jẹ́ kí a fi owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2024 sọ, èyí tí í ṣe ₦70,000, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní olùkọ́ kan tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé ń fi ₦1,000 jẹun lójúmọ́: ₦30,000 lọ. Ọṣẹ, iná àti omi gba ₦8,000. Ti ìyá rẹ̀ àti ti ìjọ jẹ́ ₦10,000. Ó sì fi ₦7,000 pamọ́ de àìsàn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦55,000. Ó ku ₦15,000 fún ilé, èyí tí í ṣe ₦180,000 ní ọdún. Bí ajẹ́ńtì bá gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, tí ìwé àdéhùn sì gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, yàrá ₦150,000 ni agbára rẹ̀ ká ní ọdún àkọ́kọ́, kì í ṣe ti ₦180,000. Ìlànà ìdá kan nínú mẹ́ta ìbá sọ fún un pé ó lè san ₦280,000. ₦100,000 tí ó wà láàrin ìṣirò méjèèjì kì í ṣe owó tí ó ṣófo; oúnjẹ rẹ̀ ni, ìtọ́jú ìyá rẹ̀ ni, owó oògùn rẹ̀ sì ni.

Ẹnì kan lè dáhùn pé, “Èmi yóò lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ilé gbé rọ̀.” Ó dára, ṣùgbọ́n kí ó ka owó ọkọ̀ mọ́ owó ilé. Ká ní ilé-ìwé rẹ̀ wà lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tí yàrá kan nítòsí jẹ́ ₦180,000, tí òmíràn ní apá Ọ̀bà-Ilé sì jẹ́ ₦120,000. Èkíní jẹ́ ₦15,000 lóṣù, èkejì jẹ́ ₦10,000. Bí ọkọ̀ bá gba ₦300 ní àlọ àti ₦300 ní àbọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 22 yóò gba ₦13,200, ilé tí ó rọ̀ yóò sì di ₦23,200. Láti ìgbà tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, kò sí ẹni tí ó lè ṣe ìṣirò ilé láìka ti ọkọ̀ mọ́ ọn. Bákan náà ni ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ tí ó sì ń gbé Oǹdó nítorí pé ilé rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì ni yóò máa gba èyí tí ó rò pé òun fi pamọ́ lọ́wọ́ onílé.

Ìwé Mímọ́ fi ọ̀nà méjì hàn wá nínú ìgbésí ayé Pọ́ọ̀lù, ẹni tí kò ní aya. Ní Róòmù ó gbé ọdún méjì nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ háyà. Ṣùgbọ́n ní Kọ́ríńtì, nígbà tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àgọ́, ọ̀dọ̀ Àkúílà àti Pírísílà ni ó wọ̀ sí, nítorí iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí àbùkù fún un. Bí olùkọ́ méjì tí ìwà wọn bá ara wọn mu bá jọ gba yàrá àti pálọ̀, olúkúlùkù wọn lè rí àyè tí kò lè dá rí. Kí wọ́n kọ àdéhùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sọ ẹni tí yóò san owó iná àti ìgbà tí yóò san án, kí ọ̀rẹ́ má bàa dọ̀tá nítorí owó iná.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbé ibi tí àwọn òbí ọmọ yóò fi máa fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá san owó díẹ̀ sí i kí ó lè ní ọgbà tí ó ní ilẹ̀kùn àti onílé tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, kò fi owó ṣòfò. Ààbò wà lára ohun tí ó gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ilé ńlá nítorí ojú ayé, tí ó ń yá ìrẹsì lọ́wọ́ aládùúgbò kí oṣù tó parí, ilé náà ni ó ń jẹ ẹ́. Àwọn òbí ọmọ tí a bẹ̀rù ojú wọn ni yóò sì kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí onílé bá ń pariwo ní ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí a bá ti rí ilé tí ó tọ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Láti oṣù tí a wọ ilé ni kí a ti máa dá ìdá kan nínú méjìlá owó ọdún tí ń bọ̀. Àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá ní ọjà dára púpọ̀ fún èyí, bí ọwọ́ tí ó ń gba owó náà bá jẹ́ ọwọ́ olóòótọ́. Bí a bá sì lè gba ìpín wa ní oṣù tí owó ilé pé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kí a béèrè pẹ̀lú, kí a tó san owó, bóyá owó iná, owó ọlọ́dẹ àti owó omi wà nínú iye tí onílé pè, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí owó tí a san.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra láti jáde ní ilé-ìwé, Olúwa wa béèrè ìgbà kan pé ta ni ẹni náà tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ láìjókòó kọ́kọ́ ṣírò ohun tí yóò ná an. Ẹni tí yóò háyà ilé pẹ̀lú ní láti jókòó. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tí ń jẹ lára owó yín sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ara yín mọ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó pe onílé.